Ọ̀gá Omi àti Ìwé Ẹ̀rín

Ẹni tó bá ti tò sórí ìlà rí níwájú fèrèsé ìjọba, tí ẹsẹ̀ ń ro ó, tí òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́, kó sún mọ́ mi. Ìtàn tirẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tí kò tò rí, tó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló máa ń gbà wọlé, kí òun náà sún mọ́ mi. Òun gan-an ni mo ń bá wí.

Ilé-iṣẹ́ omi kan wà tó ní fèrèsé mẹ́rin. Ẹni tí omi ilé rẹ̀ kò yọ, ẹni tí tirẹ̀ ń yọ tòun tẹrẹ̀, ẹni tí páìpù bẹ́ lójúde rẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo wọn ń wá. Wọ́n á gba nọ́ńbà lára ẹ̀rọ kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì gígùn, wọ́n á máa wo aago ògiri tó ti kú sí aago mẹ́ta àbọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ fèrèsé kì í jókòó ní tiwọn. Ọ̀gá ti kó àga wọn lọ, ó ní àga ló ń sọ òṣìṣẹ́ di ọ̀lẹ.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ní àga mẹ́ta: ọ̀kan fún ìdí rẹ̀, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ rẹ̀, ọ̀kan fún kóòtù rẹ̀. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà nísàlẹ̀, èèyàn á sọ àtẹ̀gùn mẹ́rin kalẹ̀ kó tó débẹ̀, torí pé ọ̀gá fẹ́ràn ibi tó tutù. Lára ògiri, lẹ́yìn orí rẹ̀, ló gbé irin gbọọrọ kan kọ́ sí, irin tí wọ́n fi ń ti ẹnu páìpù àgbà pa. Ọwọ́ oníṣẹ́ páìpù ló ti gbà á. Ó kùn ún lọ́dà aláwọ̀ wúrà ní ìlọ́po mẹ́rin, ó ní ọ̀pá àṣẹ òun nìyẹn. Nígbà tí oníṣẹ́ páìpù béèrè ohun tí òun yóò máa fi ṣiṣẹ́, ọ̀gá ní kó máa fi ọgbọ́n ṣe é.

Aláṣẹ Omi ló ní kí wọ́n máa pe òun. Bó bá ti kọ ẹ̀yìn, Ọ̀gbẹlẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ẹ má sọ pé ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ.

Ó ní akọ̀wé kan tí orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ ń jẹ́ Gbohùngbohùn. Bí ọ̀gá bá ní ilẹ̀ ti mọ́, Gbohùngbohùn á ní ó mọ́ kedere. Bí ọ̀gá bá sín, òun náà á fa imú. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìsinmi ọdọọdún, tó yẹ kó máa kan òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, Gbohùngbohùn nìkan ló máa ń kàn.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́tà dé láti olú ilé-iṣẹ́. Wọ́n ní àwọn oníbàárà ń ráhùn pé àwọn òṣìṣẹ́ fèrèsé máa ń fajú ro, pé ìbínú ni wọ́n fi ń dáni lóhùn. Wọ́n ní kí ọ̀gá wá ìdí ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ̀yin tí ẹ ò débẹ̀ rí pàápàá ti mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tó wà lórí ìdúró láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, tí kò sinmi láti ọdún mẹ́rin, kí lẹ fẹ́ kó máa rẹ́rìn-ín sí? Ṣùgbọ́n ìdí ọ̀rọ̀ máa ń wà nílẹ̀ ni, ọ̀gá kì í sì í bẹ̀rẹ̀. Ìpàdé ló pè.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi," ó gbóhùn sókè, "ẹ̀yin ẹ̀kán omi kéékèèké inú òkun ńlá tí èmi jẹ́!"

"Tí ẹ jẹ́!" ni Gbohùngbohùn wí.

"Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ronú láìsùn."

"Láìsùn rárá!" ni Gbohùngbohùn wí, òun tó da aṣọ bo ọ̀gá lọ́sàn-án àná nígbà tó ń hanrun.

"Mo ti rí àìsàn tó ń ṣe ilé-iṣẹ́ yìí. Ara ètè ló wà. Ètè yín kì í là! Láti òní lọ, ẹ̀rín ti di òfin."

Ó fa ìwé ńlá aláwọ̀ pupa kan yọ lábẹ́ tábìlì. Ìwé Ẹ̀rín nìyẹn. Gbohùngbohùn ni yóò máa gbé e kiri pẹ̀lú rúlà. Ẹ̀rín tí kò bá fẹ̀ tó ìka mẹ́ta, àṣìṣe ni. Ẹni tí ẹ̀rín bá kúrò lẹ́nu rẹ̀ kí oníbàárà tó jáde, àṣìṣe ni. Kò tán síbẹ̀ o. Kí òṣìṣẹ́ tó gbọ́ ohunkóhun lẹ́nu oníbàárà, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka ìkíni kan tí ọ̀gá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ: "Ẹ káàbọ̀ sí ilé-iṣẹ́ Aláṣẹ Omi, Olórí Gbogbo Páìpù, Akọni tí kànga ń wò tó ń gbọ̀n, Ẹni tí òjò ń tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó rọ̀…" Ìkíni náà lọ bẹ́ẹ̀ títí di ojú ewé kejì. Bí oníbàárà bá já lu ọ̀rọ̀, kí òṣìṣẹ́ padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Obìnrin kan nawọ́ sókè. Ìyá Fèrèsé Kẹta ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, kò sì sí òpópónà tí páìpù gbà kọjá tí kò mọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀rín ò ṣòro. Àmọ́ ó ti pé ọdún mẹ́rin tí mo ti lọ ìsinmi gbẹ̀yìn. Ọmọ mi obìnrin wà nílùú kejì, oyún rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyí, ìparí oṣù yìí ni wọ́n ní ó máa bí. Kò lẹ́nì kankan lọ́dọ̀, ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́nà jíjìn. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mò ń tọrọ."

Ọ̀gá wo àjà. "Fèrèsé Kẹta, ìsinmi kì í ṣe ẹ̀tọ́. Òdòdó ni. Ẹni tó bá tẹ́ mi lọ́rùn ni mo ń já a fún."

"Òdòdó!" ni Gbohùngbohùn wí, òun tó ti gba òdòdó mẹ́ta lọ́dún yẹn.

"Ṣùgbọ́n aláàánú ni mí. Bí orúkọ rẹ kò bá ní àṣìṣe kankan nínú Ìwé Ẹ̀rín títí oṣù yóò fi parí, o lè máa lọ. Bó bá ní ẹyọ kan péré, kí ọmọ rẹ máa bímọ rẹ̀, kí ìwọ náà máa ṣiṣẹ́ rẹ."

Bí òfin ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin kan wọlé tomijé-tomijé. Páìpù ti bẹ́ sínú yàrá rẹ̀, omi sì ti ba gbogbo ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ jẹ́. Òṣìṣẹ́ Fèrèsé Kìn-ín-ní tú eyín sílẹ̀ fún un.

"Ẹ káàbọ̀ sí ilé-iṣẹ́ Aláṣẹ Omi, Olórí Gbogbo Páìpù…"

"Ṣé mò ń pa yín lẹ́rìn-ín ni?"

Òṣìṣẹ́ náà mí kanlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀ sí ilé-iṣẹ́ Aláṣẹ Omi…"

"Mo ní ṣé ọ̀rọ̀ mi ń pa yín lẹ́rìn-ín!"

"Ẹ káàbọ̀ sí…"

Ọkùnrin náà bọ́ bàtà ọ̀tún rẹ̀, ó sọ ọ́. Bàtà kò ba òṣìṣẹ́, aago ògiri ló bà. Aago náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Àǹfààní kan ṣoṣo tí Òfin Ẹ̀rín ṣe fún ẹnikẹ́ni nìyẹn, ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ló wá burú. Ọmọge tó wà ní Fèrèsé Kejì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́kọ, ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ mọ́ bó bá délé. Ọkọ rẹ̀ sọ fún un lálẹ́ ọjọ́ kan pé ìyá òun fẹ́ wá bá wọn gbé fún oṣù mẹ́fà. Ìyàwó ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ rò pé inú rẹ̀ dùn sí i. Kí ètè tó padà sípò, ìyá ọkọ ti tú ẹrù. Ẹni tó wà ní Fèrèsé Kẹrin bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ di àgbọ̀n rẹ̀ wá síbi iṣẹ́, bí ẹni tí eyín ń dùn. Orí ń fọ́ wọn, inú ń bí wọn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́tà ìráhùn wá di ìlọ́po méjì. Ọ̀gá kà á, ó ronú, ó ní eyín òkè nìkan ni wọ́n ń fi hàn, kí wọ́n fi ti ìsàlẹ̀ kún un.

Bàbá Agbálẹ̀, tó ń gbá ilé-iṣẹ́ náà láti ọdún mẹ́sàn-án, rí i pé páìpù àgbà tó gba ẹ̀yìn ilé kọjá ti ń làágùn. Ó lọ sọ fún ọ̀gá.

"Ṣé o rẹ́rìn-ín kó o tó sọ ọ́?" ni ọ̀gá béèrè.

"Páìpù ni mò ń sọ, sà."

"Àṣìṣe!" ni ọ̀gá wí. Gbohùngbohùn kọ ọ́ sílẹ̀. Páìpù náà ń làágùn lọ.

Ìyá Fèrèsé Kẹta ní tirẹ̀ kò ṣe àṣìṣe kankan. Ó ń ka ìkíni bí ẹni ń ka àdúrà. Ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni ọmọ rẹ̀ máa ń pè é lórí fóònù.

"Màámi, ṣé ẹ ń bọ̀ lóòótọ́? Ẹ̀rù ń bà mí."

"Mò ń bọ̀, ọmọ mi. Ó ku ọjọ́ mẹ́fà." Lọ́jọ́ kejì á ní ó ku márùn-ún.

Ó wá ku ọjọ́ kan. Ọjọ́ yẹn gan-an ni olú ilé-iṣẹ́ ní àwọn ń rán olùyẹ̀wò bọ̀ ní aago mẹ́wàá. Ọ̀gá tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tuntun. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó ń fi ọ̀rọ̀ ìkíni olójú ewé mẹ́rìnlá dánra wò. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn òun, pé ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ lórí omi, kó gba ẹnu fèrèsé. Gbohùngbohùn dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú Ìwé Ẹ̀rín lábíyá, ó ń retí mọ́tò ńlá.

Ní aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú márùn-ún, páìpù àgbà bẹ́. Ojú títì kún. Mọ́tò olùyẹ̀wò há sínú omi ní kọ́nà. Obìnrin àgbàlagbà ni olùyẹ̀wò náà. Ó bọ́ bàtà, ó fi dání, ó sì fẹsẹ̀ rìn wọlé, omi ń kán tótó lára aṣọ rẹ̀. Ẹ̀yin ti mọ ẹni tó jẹ́. Gbohùngbohùn kò mọ̀.

"Màmá, ẹ gba nọ́ńbà, ẹ lọ tò," ó ní. "Àlejò pàtàkì là ń retí."

Màmá gba nọ́ńbà, ó tò. Nígbà tó kàn án, Fèrèsé Kẹta ló bọ́ sí.

"Ọmọ mi, páìpù ti bẹ́ lẹ́yìn ilé yín. Bàbá arúgbó kan ti yọ̀ ṣubú sínú omi lójú títì, àwọn èèyàn ló fà á dìde."

"Ẹ káàbọ̀ sí ilé-iṣẹ́ Aláṣẹ Omi," ni Ìyá Fèrèsé Kẹta bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín ìka mẹ́ta lẹ́nu rẹ̀. "Olórí Gbogbo Páìpù, Akọni tí kànga…"

Ojú rẹ̀ bọ́ sí ẹsẹ̀ obìnrin náà, ẹsẹ̀ lásán tó ń gbọ̀n nínú omi tó kán sílẹ̀ lára aṣọ rẹ̀. Ó wo Gbohùngbohùn tó ti gbé rúlà sún mọ́ ọn. Ó rántí ohùn ọmọ rẹ̀ lórí fóònù lálẹ́ àná. Kò ju wákàtí mẹ́fà iṣẹ́ lọ tó kù kí oṣù parí fún un. Ẹ bá mi káàánú rẹ̀ díẹ̀, torí àánú rẹ̀ ṣe mí. Ẹ̀rín náà sì kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o," ó ní. "Ẹ wá jókòó síbí. Ṣé ẹ̀gbẹ́ ògiri ló ti bẹ́ ni, àbí ẹ̀gbẹ́ títì?"

"Ẹ̀gbẹ́ ògiri."

"Páìpù àgbà ni yẹn!" Ó yíjú sẹ́yìn, ó ké pe oníṣẹ́ páìpù.

"Àṣìṣe!" ni Gbohùngbohùn ké, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé lójú rẹ̀. Omijé bọ́ lójú Ìyá Fèrèsé Kẹta. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, ó fún màmá ní aṣọ ìnuwọ́, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Oníṣẹ́ páìpù sáré lọ kan ilẹ̀kùn ọ̀gá.

"Ta ló ń kan ilẹ̀kùn Aláṣẹ Omi?"

"Èmi ni, sà. Páìpù àgbà ti bẹ́. Irin yẹn, sà, ẹ jọ̀ọ́…"

"Ọ̀pá àṣẹ mi? Lọ gba ẹnu fèrèsé! Òfin lòfin ń jẹ́!"

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Omi rí àtẹ̀gùn mẹ́rin, ó sọ̀ wọ́n kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ọ̀gá wà lójú ewé kẹsàn-án. Nígbà tí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ tutù, ó rò pé òógùn ọ̀rọ̀ dídùn ni. Nígbà tí àga kóòtù bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó lójú omi, ó ké, ó já ilẹ̀kùn, ó sáré gòkè tòun ti ṣòkòtò tó tutù dé orúnkún. Fèrèsé Kejì ló sún mọ́ ọn jù, ọ̀dọ̀ ọmọge tí kò ní àṣìṣe rí.

"Omi ti wọ ọ́fíìsì mi!"

Ọmọge tú eyín méjìlélọ́gbọ̀n sílẹ̀. "Nọ́ńbà yín dà, sà?"

"Nọ́ńbà kẹ̀? Èmi mà nìyí!"

"Ẹ lọ tò jàre!" ni ẹnì kan wí lórí bẹ́ǹṣì. "Ṣé omi tiyín ló yàtọ̀ ni?"

Bàbá Agbálẹ̀ lọ bá a já nọ́ńbà wá. Mẹ́tàdínláàádọ́rin ni. Àwọn tó wà níwájú rẹ̀ wo ara wọn, wọ́n ní àwọn yọ̀ǹda àyè, wọn ò fẹ́ kí ohun tó ń bọ̀ yìí pẹ́.

"Ẹ káàbọ̀ sí ilé-iṣẹ́ Aláṣẹ Omi," ni ọmọge wí, "Olórí Gbogbo Páìpù, Akọni tí kànga ń wò tó ń gbọ̀n…"

"Dákẹ́! Omi ni mo ní!"

"Ẹ má já lu ọ̀rọ̀, sà, ìbẹ̀rẹ̀ ni màá padà sí. Ẹ káàbọ̀ sí ilé-iṣẹ́…"

"Mo pa òfin náà rẹ́!"

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, sà, kí ọ̀gá fọwọ́ sí i."

"Èmi ni ọ̀gá!"

"Ọ̀gá wà nínú ọ́fíìsì, sà. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn."

"Ẹnikẹ́ni!" ni Gbohùngbohùn wí. Ó ti mọ́ ọn lára.

Ẹ̀rín bú lórí ìlà. Olùyẹ̀wò rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Nígbà tó ṣe, ó dìde, ó fa káàdì iṣẹ́ rẹ̀ yọ, ó ní kí wọ́n gbé Ìwé Ẹ̀rín wá fún òun. Ariwo ọ̀gá ló kọ́kọ́ lọ sílé. Ìgboyà rẹ̀ tẹ̀ lé e. Màmá ṣí ojú ewé tó gbẹ̀yìn, ó kà á sókè: "'Fèrèsé Kẹta. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, Ẹ pẹ̀lẹ́.' Ẹ̀ṣẹ̀ tí èèyàn ń ṣẹ̀ níbí nìyí?"

Ó pa ìwé náà dé.

"Ta ló lọ ìsinmi lọ́dún yìí?"

"Èmi ni, Mà," ni Gbohùngbohùn wí.

"Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta."

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

Gbohùngbohùn wo ẹnu ọ̀gá kó lè mọ ohun tí òun máa sọ. Ọ̀gá wolẹ̀. Òun náà sì wolẹ̀.

Oníṣẹ́ páìpù ti já irin kúrò lára ògiri, ṣùgbọ́n ọ̀dà wúrà ti pọ̀ jù lẹ́nu rẹ̀, kò wọ ibi tó yẹ kó wọ̀. Bàbá Agbálẹ̀ ló fi ọ̀bẹ tó ti kújú ha á títí gbogbo àṣẹ fi ṣí dànù lára rẹ̀, tí irin padà di irin. Wọ́n yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, omi dá.

"Ọ̀gá," ni màmá wí, "láti ọ̀la, ẹnu fèrèsé ni ẹ̀yin àti akọ̀wé yín ó ti máa ṣiṣẹ́. Kí wọ́n dá àga gbogbo èèyàn padà. Ìyá, ẹ gba ìwé yìí, ìdajì rẹ̀ ṣófo. Ẹ to orúkọ gbogbo yín sí i, ẹni tó ti pẹ́ jù láìsinmi ni kó ṣíwájú. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè lọ lẹ́ẹ̀kan."

Ìyá Fèrèsé Kẹta mú bírò. Ẹ wò ó o: ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀, bírò wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí ẹni tó ń wọ̀n ọ́n. Ó kọ Bàbá Agbálẹ̀, ọdún mẹ́sàn-án, sí ipò kìn-ín-ní. Ó kọ ara rẹ̀, ọdún mẹ́rin, sí ìkejì. Fóònù rẹ̀ sì dún.

"Màámi, ó ti ń mú mi o!"

"Ọmọ mi…" Ó wo ìwé náà. "Ọmọ mi, ó kan ẹlòmíì."

Bàbá Agbálẹ̀ tẹ̀ wo ìwé náà, ó fi ìka tọ orúkọ rẹ̀. "Èmi ni nọ́ńbà kìn-ín-ní?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá."

"N ò jẹ́ nọ́ńbà kìn-ín-ní rí láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé-iṣẹ́ yìí." Ó wò ó pẹ́, inú rẹ̀ dùn gan-an. "Ó ti di tèmi, àbí? Ẹnikẹ́ni ò lè gbà á?"

"Kò sẹ́ni tó lè gbà á."

"Bó bá ti jẹ́ tèmi, mo lè fi ta ẹni tó wù mí lọ́rẹ nìyẹn. Àbúrò mi, kí lo tún ń wò? Omi téèyàn máa mu kò níí ṣàn kọjá ẹni. Ṣí kúrò ńbẹ̀, kó o lọ gba ọmọ!"

Ó lọ. Ó dé kí ọmọ tó wáyé. Obìnrin lantilanti ni.

Nígbà tó padà dé lọ́jọ́ kẹrin, ọ̀gá ló bá lórí àga ní Fèrèsé Kẹta, tó ń bá a di àyè mú. Obìnrin oníbàárà kan wà níwájú rẹ̀, ó ní omi ilé òun ti ń yọ, òun kàn ní kí òun wá dúpẹ́. Ọ̀gá ń wá fọ́ọ̀mù ọpẹ́ nínú dúrọ́ọ̀, kò rí i. Ìyá Fèrèsé Kẹta fa fóònù yọ, ó fi àwòrán ọmọ tuntun hàn wọ́n. Fèrèsé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dà jọ, àwọn tó wà lórí ìlà na ọrùn, ẹnu gbogbo wọn là títí dé etí. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá náà na ọrùn, ètè rẹ̀ sì là láìròtẹ́lẹ̀. Ọmọge Fèrèsé Kejì mú rúlà, ó wọ̀n ọ́n wò. "Ìka mẹ́rin, sà!"

Ojú ti ọ̀gá díẹ̀. Ó rọra bi Ìyá Fèrèsé Kẹta pé ìgbà wo ni ìsinmi máa kan òun. Ìyá ṣí ìwé pupa náà, níbi tí wọ́n ti ka oorun ọ̀sán ọ́fíìsì mọ́ ìsinmi, ó fi ìka tò ó lọ sísàlẹ̀.

"Lẹ́yìn Gbohùngbohùn, sà."

"Lẹ́yìn Gbohùngbohùn!" ni ọ̀gá wí.

Gbohùngbohùn fúnra rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Oníbàárà wà níwájú rẹ̀, ó ń gbọ́ tẹnu rẹ̀.